Ẹní Ìṣínu Ilé Wa

Ohun tí mo fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi ní fásitì ni ìbéèrè pé ṣé àwùjọ tí kò ní àléébù kankan lè wà láyé. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dáa, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn náà lo lọ kọ́ ní fásitì? Kí ló dé tí o ò wá bi mí? Ṣebí inú rẹ̀ la bí ọ sí."

Ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń sọ. Ilé náà ò rẹwà o. Ògiri rẹ̀ ti ń bó, òjò ń jò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará Ìdúmọ̀tà ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Ohun tí Màmá ní lọ́kàn ni ẹní tí a máa ń tẹ́ sí àgbàlá lásìkò ààwẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan á gbé abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ wá síbẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun mágàríbì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ sè ṣínu. Abọ́ ẹlòmíì lo máa nawọ́ sí. Abọ́ ẹni tó rówó ra ẹran àti ti ẹni tó se ẹ̀wà lásán, orí ẹní kan náà ni wọ́n wà.

"Ta ni ebi á pa nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?" ni Màmá máa ń sọ.

Mo gbà á gbọ́. Àbí kí n sọ pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àyà mi máa ń já láàárọ̀ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì ríṣẹ́, mi ò sì mọ ohun tí màá dà. Ó máa ń tù mí nínú pé ibì kan wà tó pé, pé ibẹ̀ ni mo sì ti wá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ pílásà ní kí a ta ilé náà fún òun. Gbogbo ẹbí gbà, àfi Màmá. Nínú ẹbí wa, a kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀. Màmá ní inú yàrá òun lòun máa kú sí. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ó dá mi lójú pé tí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, Màmá tí a mọ̀ á bá ilé náà lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, ẹbí ṣèpàdé ní àgbàlá.

"Màmá, òrùlé ń jò," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

"Ẹ ra páànù."

"Ilé yìí máa wó lù yín."

"Ó ti ń wó kí n tó bí ẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbó."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà náà ni Àǹtí, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rárá, kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á."

"Ìwọ náà?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé yìí, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí abọ́ mi lórí ẹní yẹn àfi ẹ̀yin. Wọ́n ní mi ò mọ oúnjẹ sè. Ojoojúmọ́ ààwẹ̀ ni mo ń jókòó wo abọ́ mi. Ẹ̀yin á wá jẹ ẹ́, ẹ á ní ó dùn. Mo mọ̀ pé kò dùn, Màmá. Mo fẹ́ lọ síbi tí màá ti dá oúnjẹ mi jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa wò mí."

"Háà, ìyàwó! Eré là ń ṣe," ni ìyàwó ilé kan wí.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣeré. Èmi ò bá yín ṣe é."

Màmá wò ó títí. "Mo rò pé tí mo bá ti jẹ ẹ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti tán nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ ta ilé náà."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Àǹtí ò purọ́. Màmá náà ò purọ́. Ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí.

Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá wà báyìí, nínú fúláàtì kan ní òdìkejì afárá. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Èmi àti Màmá la jọ din àkàrà, mo sì bù ú sí abọ́ méjì. Wọ́n pe ìrun. Màmá mu omi, ó wo abọ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, ó rọra tì í síwájú mi, ó sì fa tèmi sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Tìrẹ dùn ju tèmi lọ," ó ní.

Epo kan náà la fi din ín. Mo mú ọ̀kan nínú tirẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

"Ìyàwó yẹn ńkọ́? Ta ló ń bá a jẹun báyìí?"

"Ó ń dá oúnjẹ rẹ̀ jẹ ni, Màmá."

Ó gbé àkàrà sílẹ̀. "Ṣé ó wá ń dùn mọ́ ọn?"

Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀.