Iná Ọkọ̀ Tí Mo Parọ́ Mọ́

Ará Ìdèrè tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo fi rìfáàsì wa ọkọ̀ láti Èrúwà délé nígbà kan, tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ń kí mi lójúkojú bí ẹni pé a jọ jókòó nídìí ayò. Jíà iwájú ló kọ̀ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá wo ọrùn mi, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò fi iyọ̀ sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọkọ̀ kan náà ni. Tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó lókè òkun kó tó wá gbó lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, kò fẹ́ gun òkè mọ́. Mẹkáníìkì kan tó ń gba àdúgbò wa kọjá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ní kátálísì ló dí i, ìyẹn irin kan tó wú bí ìkòkò láàárín páìpù sàlẹ́ńsà, tó ń sẹ́ èéfín kó tó jáde. Ó ní òyìnbó ló nílò irú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tiwọn kò tó wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó gé e. Ó gé e, ó gbé e lọ, ó jó páìpù lásán síbẹ̀ dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń gun òkè bí ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà sì ni iná aláwọ̀ ìyeyè kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ti tàn síwájú mi, tí kò kú mọ́.

Ìyàwó mi rí i.

"Bàbá wọn, iná wo nìyẹn?"

"Iná agbára ni. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń tan irú rẹ̀."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé mo máa parọ́ mọ́ iná ni? Ìgbà tó bá kú ni kí o pariwo."

Ó gbà mí gbọ́. Bó bá ti wọ ọkọ̀, á na ọrùn, á wò ó, á ní, "Ó ṣì ń tàn, a dúpẹ́."

Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó. Èmi ni mo ní kó máa jókòó síbẹ̀. Mo ní ìyá tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà yanjú kì í jókòó ti dírẹ́bà; ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ni ti ọlọ́lá. Bí mo bá ń gbé e kọjá l'Ígbó-Ọrà, mo máa ń rọra wà á kí wọ́n lè rí gèlè rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì là ń lọ sí Èrúwà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, wà lórí ibùsùn níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan irun rẹ̀, àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń dì í fún un.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, a ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku, àyàfi tèmi tí mo ń ṣí díẹ̀ kí n lè máa tutọ́ obì. Ìgbà náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó mi. Ká tó dé Èrúwà, á ti máa bì. Bó bá di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ á yá. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ní àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Òun fúnra rẹ̀ wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí tòní ṣe ìkẹyìn."

"Ìkẹyìn kí ni?"

"Èrúwà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dojú kọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ni àìsàn ń gbé mi dè. Ó jọ pé àwa méjèèjì la jọ fẹ́ lọ."

"Ta ni yóò máa di irun rẹ̀?"

Ó mú òòyà, ó lọ wọ ọkọ̀.

A gbéra. Kí ara rẹ̀ lè yá, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ejò tí mo bá nínú táyà, tó fa gbogbo atẹ́gùn ibẹ̀ mu títí tó fi wú bí bàlúù. A kọjá Ìgbó-Ọrà, n kò gbọ́ kó sọ pé "Irọ́ ni!" bó ti máa ń ṣe. Mo wo díńgí. Orí rẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lé fèrèsé, gèlè ti já bọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ooru èéfín ta mí lọ́fun. Mo wọ́ ọ sórí koríko. Mo pè é ní orúkọ tí n kò pè é mọ́ láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí wa. Mo pè é títí. Ọyẹ́ ń fẹ́ lù wá, n kò sì mọ àdúrà tí mo ń gbà. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó bì, ó lajú.

"Ṣé a ti dé?"

"A ò tíì dé."

Mo gbé e síwájú, mo ṣí gbogbo fèrèsé, a rọra dé ọ̀dọ̀ réwáyà kan l'Érúwà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ẹgbẹ́ mi ni.

"Ìwọ àgbàyà yìí, láti ìgbà wo ni iná yìí ti ń tàn?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Ọyẹ́ kejì rèé."

Ó ki okùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ abẹ́ sítiárìn. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí kátálísì. Ó wá fi àkísà tútù di ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, ó bu omi ọṣẹ, ó dà á sára páìpù. Níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn gan-an, ọṣẹ náà ń hó pùtùpùtù. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún, ó ti lu. Ìka mẹ́ta gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí ìyàwó mi ń gbé ẹsẹ̀ lé ni.

"Èyí tó ń pani nínú èéfín yìí kì í rùn," ni réwáyà wí. "Ká ní ọ̀nà yín jìn ju báyìí lọ ni…"

Ìyàwó mi ti wà lẹ́yìn wa.

"Kí ni iná yẹn ń sọ gan-an?"

"Ó ń sọ pé nǹkan bà jẹ́ níbi tí èéfín ń gbà," ni mo wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe iná agbára. N kò mọ̀ pé èéfín náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló ń fà á?"

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó jókòó lórí táyà kan. "Mo sì fẹ́ pa á tì," ó wí, ó sì sunkún díẹ̀. Ó nu ojú, ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e. Nígbà tí mo dé, ó ti ń tú irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló dá yín dúró?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í.

"Màlúù ló dí ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyàwó mi wí. Kò gbójú sókè.

Ìyá arúgbó náà yíjú sí mi, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àna mi, ẹ ó ti kà wọ́n. Mélòó ni wọ́n?"

"Kò sí màlúù kankan," mo ní. "Èmi ni. Ọkọ̀ mi ń fi èéfín pa àbúrò yín lọ, iná tó ń kìlọ̀ rẹ̀ ni mo parọ́ mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ìhà mú.

"Ẹ kò ní pa mí, àna mi! Ẹ máa wí, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ọwọ́ ìyàwó mi dúró nínú irun náà. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo ń dúró kí ẹ̀rín rẹ̀ tán kí n lè tún un sọ.