A Kì Í Kẹ̀yìn sí Adájọ́

Bí mo bá rí ọkùnrin tó ń de bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Lọ́yà ni wọ́n ní Yábàá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, Dádì ni mo sì ń pè wọ́n. Bí a ṣe ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ mi nílé, ó sì máa ń sú mi.

"Dìde kó o tó lanu. Yọ ọwọ́ lápò. Bó o bá ń lọ, tẹrí ba, má kẹ̀yìn sí i."

Ìyàwó wọn ni adájọ́ ilé wa. Bí Mọ́mì bá béèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́ níta, Dádì á dìde, wọ́n á de bọ́tìnnì, ìbáà jẹ́ ti pijámà.

"Olúwa mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ gbọ́ tẹnu mi."

"Ẹ jókòó jàre. Ẹ ti jẹ̀bi."

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Mọ́mì dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní kí àwa àlejò máa lọ. Dádì dìde, wọ́n de bọ́tìnnì, wọ́n sì tẹrí ba níwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Olúwa mi, mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ sún ẹjọ́ wa sí ọ̀la."

Mọ́mì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, lajú.

"Mo ti sún un. Ẹ má pẹ́ o."

Ẹ̀yìn ni Dádì fi rìn dé ẹnu ọ̀nà.