Oògùn Funfun Tí Bàbá Mi Dá Lẹ́bi

Bàbá mi kì í gbà pé nǹkan rí bákan àfi bí wọ́n bá tú u wò. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń tún aago ṣe nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, àwọn ará àdúgbò kò sì mọ̀ wọ́n sí nǹkan mìíràn ju Bàbá Alágo lọ. Bí ẹ bá pè wọ́n wá jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí ìkòkò fi ń hó.

Nígbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kọ́kọ́ wú, tó pọ́n, tí kò fẹ́ kí aṣọ ìbora pàápàá kan òun, Bàbá mú òwú, wọ́n wọ̀n ọ́n yíká. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń kọ àìsàn aago àwọn oníbàárà sí. Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe aago ògiri." Bàbá ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ rí ibi tó ń lọ.

Ìgbà kẹrin tó wú lọ́dún yẹn ni wọ́n tó gbà láti lọ rí dókítà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní irú làkúrègbé kan tí à ń pè ní gáòtù ni. Oògùn méjì ló fún wọn: ọ̀kan kékeré fún ìgbà tí ìrora bá dé, ọ̀kan funfun tí wọ́n á máa lò lójoojúmọ́, ì báà dùn wọ́n, ì báà má dùn wọ́n.

Ọjọ́ kọkàndínlógún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí funfun, àtàǹpàkò náà gbiná, ó wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá alágo gbé rí, ẹ jẹ́ kí n sọ òfin iṣẹ́ wọn fún yín: bí aago bá ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, ohun tí ọwọ́ rẹ kàn kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Kí ni ọwọ́ Bàbá kàn kẹ́yìn? Oògùn funfun.

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé," ni Bàbá wí, wọ́n dé oògùn náà mọ́nú agolo. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Ẹ rí i bí? Mo ti mú olè!" Gbogbo wa gbà wọ́n gbọ́. Ta ni yóò bá ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ jiyàn?

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àrùn yìí gòkè wá sí ọwọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e wú, ẹ̀mú kékeré tí Bàbá fi ń gbé sukúrù sì ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá aago ọwọ́ obìnrin kan padà láìtún un ṣe, ohun tí n kò rí kí wọ́n ṣe rí. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. "Bí eléyìí bá lọ," Bàbá ní, "iṣẹ́ lọ nìyẹn." Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rí i pé ó ń ba àwọn náà.

Mo fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ apòògùn tó wà ní ìkòríta, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ dá oògùn funfun dúró, Bàbá?"

"Àtàǹpàkò mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé wọn, ó ṣí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà. "Kí ẹ tó lo oògùn kankan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹsẹ̀ yìí wú. Ọjọ́ mélòó ló máa ń lò kó tó rọlẹ̀?"

Bàbá kà á. "Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Méje. Mẹ́jọ."

"Nígbà tí ẹ wá dá oògùn dúró ńkọ́?"

Bàbá ṣí ìwé síwájú. "Mẹ́jọ."

"Á rọlẹ̀ náà ni, Bàbá. Ẹ dá a dúró o, ẹ ò dá a dúró o."

N kò rí i kí ojú ti bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ìtìjú náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìbéèrè ti ń jà lẹ́nu wọn. Kí ló wá dé tó fi wú ju ti tẹ́lẹ̀? Apòògùn ní ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ló ti dì bí iyanrìn sí oríkèé. Oògùn funfun ń yọ́ ọ, èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú sì lè dá ìjà sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kó tó tán. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi oògùn mìíràn tì í lẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀.

"Bíi kẹ̀kẹ́ aago àtijọ́ tí a rẹ sínú epo," Bàbá ní. "Ìdọ̀tí tó ń tú á kọ́kọ́ há a."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ kàn ò béèrè ni."

Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bàbá mi tó ń bi ìkòkò léèrè ọ̀rọ̀ kò bi apòògùn.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, ó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ tún wú. Bàbá bú u, wọ́n sì gbé oògùn mì. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan àtààbọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ti dára, ẹsẹ̀ ti rọ̀, ọwọ́ ti rọ̀. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò nìkan ni kò ṣeé ká mọ́. Dókítà fi àwòrán egungun hàn wá: iyanrìn ọ̀hún ti jẹ oríkèé náà.

"Ká ní mi ò dá a dúró ńkọ́?" Bàbá béèrè.

Dókítà wò mí kó tó wò wọ́n. "Ó ṣeé ṣe kó má dé bẹ̀, Bàbá."

Ó dùn mí pé wọ́n béèrè. Ó wù mí kí wọ́n má mọ̀ ọ́n láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n ní, "Ó sàn kí n mọ̀."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí tábìlì, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka àárín di ẹ̀mú mú. Sukúrù já bọ́. Wọ́n ṣà á. Ó tún já bọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé e.

"Má fọwọ́ kàn án," Bàbá ní. "Mo fẹ́ wò ó bóyá ìka yìí á lè kọ́ṣẹ́."

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ìka ọ̀hún.