Ìlà Tó Wálẹ̀ Lójú Ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ

Iṣẹ́ ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni mò ń ṣe ní Ṣakí. Àwọn mẹkáníìkì ń fi ọwọ́ kan ọ́ìlì, èmi ń fi kọ̀ǹpútà bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, mo sì máa ń fi yangàn sí wọn.

Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan nítòsí, pààrọ̀ ínjẹ́kítọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹnu kékeré tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ra èyí tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ kí ọkọ̀ lè lágbára. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọkọ̀ ò mọ̀ pé ẹnu ti fẹ̀. Bó ṣe ń bu epo tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń bù ú. Ọkọ̀ wá ń rú èéfín dúdú, ó ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Ojú ọ̀nà la ti ń kọ́ ọpọlọ ọkọ̀ ní ìwọ̀n epo tuntun. Ẹnì kan á tẹná ọkọ̀ lọ déédéé, ẹnì kejì á máa wo ìlà tó ń fi bí epo ṣe ń wọlé hàn lójú kọ̀ǹpútà. Bí awakọ̀ bá dẹ ẹsẹ̀, ìlà á wálẹ̀, a ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a kọrí sí Àgọ́-Àrẹ. Ìgbà kẹta nìyẹn. Ewúrẹ́ ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, màlúù ba èkejì jẹ́, inú ti ń bí mi. Ìlà ń lọ gbọọrọ nígbà tí a rí obìnrin kan létí ọ̀nà, ó pọn ọmọ, ó na ọwọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì dẹ ẹsẹ̀.

“Ẹ má dúró, ẹ̀gbọ́n!” ni mo pariwo. “Ẹ má bà á jẹ́ fún mi!”

“Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, àbúrò.”

“A ó gbé e tí a bá ń bọ̀.”

Ó tẹná padà. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ iṣẹ́, ó gbọ́ tèmi. Nígbà tí a padà dé ibẹ̀, a ò bá ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àánú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó. Ó ní ọ̀kadà ló gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn, òun gan-an ló sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gìrì ló mú un. Ọmọ náà ti kú.

Mo bi í bóyá ì bá yè ká ní a dúró. Ó ní òun ò mọ̀.

“Ìyá ọmọ náà ò dá mi mọ̀,” ló wí. “Ó sọ fún mi pé mọ́tò kan rọra, òun sì rò pé ó fẹ́ dúró. Ó ní òun ti tú ọ̀já, òun ti gbé ọmọ wá síwájú kóun lè ráyè jókòó.”

“Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ?”

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọn ò sọ fún mi pé tó bá dé, kì í lọ mọ́. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà mi ń bà mí báyìí. Ìlà ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀: ó lọ gbọọrọ, ó wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ó tún gòkè. Nínú iṣẹ́ wa, irú ibẹ̀ yẹn là ń gé sọnù. Mi ò lè gé e.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi pọn ọmọ wa. Mo ní kó sọ̀ ọ́ lójú mi, mo sì ń kà. Kí n tó kà dé ẹ̀rin, ọ̀já ti tú, ọmọ ti wà láyà rẹ̀. Ó béèrè ohun tí mò ń kà. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.