Abọ́ Àlejò Lórí Àgbàdo Yèyé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi má bẹ́: mo ní àgbàdo. N kò rà á o. Ẹ̀yìn ilé wa ní Adó ló ti hù, lórí ilẹ̀ tí kò ju ẹní méjì lọ, láàárín kànga àti ògiri bàbá onílé. Igi mẹ́rìnlá ni. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀, mo sì mọ èyí tó ya ọ̀lẹ.

Yèyé, ìyá tó bí màmi, ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀. Àgbàdo funfun kan ni, tí wọ́n ti ń gbìn lábúlé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Ó kúrú, eyín rẹ̀ kò tò dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sè é, bíi pé wọ́n bu ṣúgà sí i ni. Kò sí ẹlòmíì tó ń gbìn ín mọ́. Lọ́dún yìí, eku gun àjà ìdáná Yèyé, ó jẹ gbogbo èyí tí wọ́n so rọ̀ sójú èéfín. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, eku sì ti jẹ púpọ̀ lára òun náà. Orúnkún Yèyé kò jẹ́ kí wọ́n roko mọ́, ni wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ka eyín tó kù lára rẹ̀, ó jẹ́ ọgọ́ta. Tí ọgọ́ta yìí bá fi lè bà jẹ́, ó parí nìyẹn, kò sí mọ́ láyé.

Nǹkan méjì ni Yèyé sọ fún mi. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ kan gbìn, kí n fi ọwọ́ kejì pa ìdajì mọ́. Wọ́n tún ní kí n má gbára lé òjò àkọ́kọ́.

“Àlejò ni,” wọ́n ní. “Kò tíì gbẹ́rù wọ ulé.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé òjò gbọ́dọ̀ rọ̀ ní Gúdù Fúráídé. Bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ méje tí Jésù sọ lórí àgbélébùú, a dé ìkẹrin, òjò bọ́ sórí páànù. Wòlíì kọ́ ni pásítọ̀ wa, àmọ́ wọ́n mi orí díẹ̀, bí ẹni pé àwọn àti òjò ti jọ ṣàdéhùn. Mo ní lọ́kàn mi pé èyí kì í ṣe àlejò. Èyí ní ẹ̀rí nínú Bíbélì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sátidé, mo ti yín gbogbo ọgọ́ta, mo gbìn wọ́n ní méjì méjì sínú ọgbọ̀n ihò, mo sì ju ṣùkù rẹ̀ sí adìyẹ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọ orin Àjíǹde kí Jésù tó jí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde a lọ ṣe Gálílì, ìgbafẹ́ ìjọ wa. Oòrùn ọjọ́ náà, ìrẹsì tó wà nínú kúlà kò tutù títí a fi délé. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Àgbàdo hù o. Ó yọ bí abẹ́rẹ́, ó wò yí ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé jọ bí ẹni tó fẹ́ padà sílé. Omi kànga wa ń fà, màmi sì ti ní ìwẹ̀ àti oúnjẹ ló kọ́kọ́, àgbàdo ló kẹ́yìn. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì, àgbàdo ni mo ń bù ú fún. Bàbá onílé, tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, yọ orí lókè ògiri.

“Ọmọ mi, ṣé ò ń gbin àgbàdo ni àbí ò ń wẹ̀ ẹ́?”

Mo ní, “Méjèèjì ni, sà.”

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá wọn ta ìwé àti bíró ní Fájuyì, ojú ọ̀run ń ṣú lójoojúmọ́, atẹ́gùn á fẹ́, àwọn ọlọ́jà á fi ọ̀rá bo ọjà wọn, yóò sì tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sọ̀ lórí ọ̀kadà, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́jà Ọba. Mo wo omi tó ń kán lára ìró rẹ̀ sórí símẹ́ǹtì wa. Ó dùn mí.

Yèyé pè lórí fóònù. Wọ́n béèrè òjò, mo ní ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ kejì ńkọ́. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ kejì náà ni mo fi di fóònù mú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, igi mọ́kàndínlógún ló kù. Lọ́sàn-án Sátidé, màmi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ojú ọjọ́ sì ṣú bí ìkòkò. Mo jáde lọ dúró láàárín àgbàdo mi, mo na apá méjèèjì. Nǹkan ló kọ́kọ́ bà mí lórí. Yìnyín ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi kọ́ọ̀pù gbà á, wọ́n ń jẹ ẹ́, inú èmi náà ń dùn títí ọ̀kan fi bọ́, tó já igi àgbàdo kan sí méjì.

Mo sáré wọlé. Ohun tó wà nítòsí ni kọ́bọ́ọ̀dù tí màmi ń kó abọ́ àlejò sí, tánganran olódòdó, tí wọ́n kó jáde gbẹ̀yìn nígbà tí pásítọ̀ wá kí wa. Mo kó gbogbo rẹ̀. Mo dé e lé àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kúlà kékeré, mẹ́tàlá lápapọ̀. Yìnyín ń ró lórí wọn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá dúró, mo ń wo márùn-ún tó kù bó ṣe ń lọ.

Ibẹ̀ ni màmi bá mi. Wọ́n wo àwọn abọ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n wò mí.

“Kúlà ìgbéyàwó mi náà?”

“Ẹ má bínú, màmi. Òun ló gba èyí tó ga jù.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí abọ́ kan wò. Àgbàdo yìí ni wọ́n jẹ dàgbà. Wọ́n rọra dé e padà, wọ́n wọlé, wọ́n sì mú ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ bọ̀ wá bo ìkẹrìnlá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òjò gbẹ́rù wọlé pátápátá, kò tilẹ̀ jẹ́ ká ráyè sá aṣọ mọ́.

Yèyé dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo náà ti gbẹ. Wọ́n ní ká gbé omi kaná. Mo dúró sáàárín àwọn àti àgbàdo, mo jẹ́wọ́ pé kò sí ọwọ́ kejì, pé tí a bá jẹ ẹyọ kan nínú èyí, irúgbìn la jẹ.

“Ìsinsìnyí lo wá di àgbẹ̀,” wọ́n ní. “Àgbẹ̀ ló ń ní àgbàdo tí kò lè jẹ.”

Mo sáré lọ ra àgbàdo sísè ní Fájuyì. Yèyé ní kò dùn. Wọ́n jẹ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n di àwọn lápá mú dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ya háhá àgbàdo kan díẹ̀, wọ́n tẹ èékánná mọ́ eyín kan ṣoṣo, wọ́n lá èékánná náà.

“Òun ni,” wọ́n ní, wọ́n sì pa háhá rẹ̀ dé.