Ọjọ́ Tí A Há Sínú Yàrá Tíkẹ́ẹ̀tì

Ìgbéraga ló fà á, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń gbé àgbẹ̀ lóko ní agbègbè Kabba wa yìí, àwọn ọdẹ ìlú ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá ẹ̀yìn ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún olórí wọn. Ìyàwó mi rán mi létí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní, "Èmi? Kí n lọ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tí mo bá nu ikun imú?" Nítorí tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn ló sì ti gba ẹgba lọ́wọ́ mi. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo pe ọmọ mi, ó di ọgbà ìgbafẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ló fẹ́ dé ibẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe ní Abuja, ibi tí èèyàn ti pa tì ló sì fẹ́ràn láti máa yà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ níbẹ̀, kí òyìnbó lè já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó sì já gaara! Ṣùgbọ́n Owé, èdè tí à ń sọ ní Kabba, kò gbọ́ ju "Okun" tí a fi ń kí ara wa lọ. Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pàápàá, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi í yangàn lójú àwọn ẹgbẹ́ mi nígbà náà.

Ọgbà náà wà ní ẹsẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà oko. Olówó kan, ọmọ ìlú wa, ló kọ́ ọ. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi ò tiẹ̀ wá wò ó. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó máa ń gbé èèyàn yí lọ sókè ṣì dúró, àmọ́ ìtàkùn ti gùn ún dórí. Ẹṣin onígi tí àwọn ọmọdé ń gùn kò lórí mọ́. Ewúrẹ́ kan sùn sínú mọ́tò kékeré bíi pé òun ló rà á. Ọmọ mi ń ya fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín, inú èmi náà sì dùn. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà.

Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Ẹni tó bá ń gbé ìlú wa lóde òní mọ ohun tí ìró ọ̀kadà nínú igbó túmọ̀ sí. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, a sáré wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ pa. Ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà láti ọjọ́ pípẹ́! Ó wọnú férémù, ó há pátápátá.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju pátákó ìkọ̀wé ọmọdé lọ, wọ́n sì ti fi ọ̀pá irin dábùú rẹ̀. Inú yàrá gbóná, ó ń rùn bí ìgbẹ́ àdán. Ọmọ mi gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà lé, ó fẹ́ fi tu ilẹ̀kùn. Ibi tó ti ń yí i, ẹsẹ̀ irin náà kan yọ síta lójú fèrèsé.

"Wọ́n ní ìbọn! Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Owé ni ẹni náà fi sọ ọ́. Háà, àwọn ọdẹ wa ni! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Mo kígbe ní Owé, "Okun o! Èmi tísà ni o! Ẹ má yìnbọn!"

"Ẹ jáde ká rí ọwọ́ yín."

"Ilẹ̀kùn ti há!"

"Irọ́!" Ohùn mìíràn ló dáhùn. "Báyìí náà ni wọ́n ṣe fi bàbá kan tàn wá lọ́jọ́sí. Ìbọn wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ń kí wa. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ ni ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Kó sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé wa."

Ọmọ mi di apá mi mú, ó ń fi òyìnbó bi mí pé kí ni wọ́n ń wí. Wọ́n gbọ́ ọ níta. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Àlejò ni!" Mo sọ gbólóhùn kan sí i létí, pé ọmọ tísà ni òun, kí wọ́n má yìnbọn. Ó gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà fọ́ sí i lẹ́nu. Ẹnìkan ní, "Wọ́n ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ẹ múra." Mo gbọ́ kà-kà tí wọ́n fa ìbọn.

N ò ní purọ́ fún yín, mo tọ̀ sára. Kì í ṣe ẹ̀mí tèmi ló dùn mí. Èmi ti jayé tèmi. Ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ yìnbọn fún nítorí pé kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀, àbí ta ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Mo dúró níwájú rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn tì í mọ́ ògiri, mo sì gbé ojú mi sí fèrèsé.

Ohùn kẹta wá sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. "Bó bá jẹ́ tísà ni lóòótọ́, kó sọ ohun tó máa ń kọ́ wa lọ́rùn."

Ọlọ́run mi. N kò rántí ìyẹn láti ọdún gbọgbọrọ.

"Ìkarahun ìgbín!" ni mo kígbe.

"Ta ló máa ń gbé e kọ́?"

"Ẹni tó bá sọ Owé ní kíláàsì."

"Tó bá gbé e relé sùn ńkọ́?"

"Ẹgba mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kejì."

Ẹni náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn. "Òun ni. Ẹ gbé ìbọn sílẹ̀."

Irin tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ ńlá ni wọ́n fi tu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ni ohùn kẹta náà ti hu irùngbọ̀n funfun. Ó tẹríba fún mi, ó ní ẹ kú ewu. Ó kọjú sí ọmọ mi, ó ní, "Okun o." Ọmọ náà dáhùn, "Okun." Ó wá bi í léèrè, ní Owé, bóyá kò farapa. Ọmọ náà wo ojú mi.

Ọkùnrin náà sì yí sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Tísà, ta ló wá gbé e kọ́ ọmọ tiyín lọ́rùn?"

Mo wọ mọ́tò pẹ̀lú ṣòkòtò tútù, mo sì wà á délé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti Abuja. Kò mọ̀ pé òun tẹ kámẹ́rà tó wà lọ́rùn òun nígbà tí jìnnìjìnnì bò ó. Èmi ni, ẹ̀gbẹ́ ojú mi hàn lójú irin fèrèsé, ẹnu mi là gbàgà. Ó ní kí ni mò ń sọ níbẹ̀. Mo pè é, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ìkarahun àti ẹgba pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ orúkọ ìkarahun náà bí a ṣe ń pè é ní Owé, kí òun wí i tẹ̀lé mi.

Ó wí i. Kò jọ bí a ṣe ń sọ ọ́ rárá. N kò bá a tún un ṣe. Mo kàn ní kó tún un wí.