Orúkọ Mẹ́ta Lẹ́bàá Ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣe tíṣà ní abúlé Èjìgbò kan tó wà láàárín Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ilẹ̀ wa kò tíì pẹ́ tó gba òmìnira. Abúlé náà kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ìpẹ̀kun kan, ará ìpẹ̀kun kejì á kí i ní pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, bí àlejò bá dé, kó tó mu omi tán ni wọn á ti sọ fún un pé ọkùnrin mẹ́rin ló ti ibẹ̀ lọ ja ogun àgbáyé kejì ní Bọ́mà, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló padà. Wọn kì í fi ohùn ẹkún sọ ọ́. Bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé ilé wa ni wọ́n ti ń jọba ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ilé ẹni tó padà yẹn ni mo wọ̀ sí. Bàbá Sọ́jà ni gbogbo abúlé ń pè é. Bíríkìlà ni, ó sì ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ọta ìbọn ti ba orúnkún òsì rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tiro náà ló máa ń na àyà síwájú. Ó máa ń sọ fún èmi àti ìyàwó rẹ̀ nípa òjò Bọ́mà tí kì í dá, eṣúṣú tó ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ru àpótí ọta gun òkè tí ìbaaka pàápàá kọ̀ láti gùn. Ìtàn kan ṣoṣo ni kì í sọ. Bí mo bá bi í bí àwọn mẹ́ta yòókù ṣe kú, á ní wọ́n kú bí ọkùnrin, á sì dìde lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ Kristẹni, ọmọ ìjọ wa. Ẹ̀kẹta jẹ́ mùsùlùmí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àbúrò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa dé láti Àbíjàn, níbi tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Ó wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní lójú ọ̀nà tí òun máa ń gbà lọ sí ọjà níbẹ̀, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn sọ́jà tó kú sógun sí, pé lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn ńláńlá máa ń wá fi òdòdó síbẹ̀. Òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun a máa sọ ẹrù kalẹ̀, òun a sì dúró wò ó.

"Tíṣà," ó wí, "ṣé àwọn tiwa kò tó ẹni tí à ń kọ orúkọ wọn sára òkúta ni?"

Nígbà tí a jáde ilé ẹ̀kọ́, a jọ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀.

Baálẹ̀ gbà lójú ẹsẹ̀. Ibi tí a ó gbé e sí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ, nítorí pé méjì ju ọ̀kan lọ. Lèmọ́mù ní òun kò mọ̀ pé ikú máa ń ka iye. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gbóná, baálẹ̀ rán wọn létí pé etí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ọkọ̀ ológun ti kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ti rí wọn kẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni kí gbogbo abúlé ti máa rí wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wa fẹnu kò sí.

Àwọn ẹbí àwọn mẹ́ta tó kú wá kó ìwé tí ìjọba fi túfọ̀ fún wọn wá fún mi, kí n lè rí orúkọ wọn kọ. Kálukú ti tọ́jú tirẹ̀ sínú àpótí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo rí i pé "Èjìgbò" ni wọ́n kọ síbi orúkọ bàbá. Mo ka èkejì, Èjìgbò. Ẹ̀kẹta, Èjìgbò. Bàbá Sọ́jà ló là á yé wa. Nígbà tí akọ̀wé ológun bi wọ́n ní orúkọ, wọ́n dárúkọ ara wọn. Nígbà tó bi wọ́n ní èkejì, wọ́n rò pé ìlú wọn ló ń béèrè. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìjọba ti gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Baálẹ̀ ní kí n kọ orúkọ kálukú pẹ̀lú ti bàbá tó bí i, kí n sì kọ "ọmọ Èjìgbò" sísàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní bí ìlú bá ti bí ẹnì kan lójú ìjọba, kí ìlú má sẹ́ ẹ.

N kò ní kọ àwọn orúkọ náà síhìn-ín. Wọ́n wà níbi tí a kọ wọ́n sí.

Bàbá Sọ́jà ló fi símẹ́ńtì mọ òpó tí a ó kọ wọ́n sí. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn po símẹ́ńtì. Nígbà tó rẹ́ ojú rẹ̀ tán, ó fún mi ní ìṣó gígùn kan pé kí n máa kọ ọ́ kó tó gbẹ. Mo kọ orúkọ àkọ́kọ́, mo kọ èkejì. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, ti ọmọ ìyá mùsùlùmí yẹn, Bàbá Sọ́jà na ọwọ́, ó gba ìṣó lọ́wọ́ mi. Lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló ti kọ́ ìwé díẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbẹ́ igi. Nígbà tó parí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Òun ló gbé mi."

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí kò sọ rí. Wọ́n wà létí odò kan nígbà tí ọta ìbọn bà á lórúnkún. Àṣẹ ti jáde pé kí gbogbo wọn sọdá padà. Wọ́n ti ń sọdá, òun náà sì ti gbà pé ó ti parí fún òun, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí padà wá, tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, tó sì gbé e la odò náà kọjá. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní òun rí ẹlòmíràn lódì kejì tó ṣì ń mí. Ó padà lọ. Kò tún dé.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún ìyá náà. Ó ní ojú ń ti òun. Báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo pé ọmọ náà kú kí ọmọ ẹlòmíràn lè wálé? Mo sọ fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ohun tí í ṣe ti ìyá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́, ó ní kí n sin òun lọ.

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà tí a dé ibẹ̀. Bàbá Sọ́jà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ti òun ti orúnkún tí kò ṣe é ká, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, mo rò pé yóò sunkún. Ìbéèrè ló bi í.

"Ṣé o sanra nígbà yẹn?"

Bàbá Sọ́jà gbé orí sókè. "Mo tóbi jù ú lọ, ìyá. Ẹ mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ga."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láti kékeré ló ti máa ń ru ẹrù tó ju òun lọ," ó wí. "Bí mo bá di igi fún un, á ní ó kéré. Dìde, ọmọ mi. O ti ń fi ojú pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ọmọ mi ṣe ohun àbùkù níbẹ̀ ni."

Ọjọ́ tí a ṣí òpó náà, àwọn ènìyàn wá láti Masifa, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti láti Èjìgbò. Lèmọ́mù ṣàdúrà, ìjọ wa kọrin, àbúrò tó ti Àbíjàn dé fi òdòdó tó ṣa fúnra rẹ̀ sídìí òpó. Bàbá Sọ́jà wọ kákí tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ títí tó le gan-an, àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà láyà, ó sì tún ìtàn odò náà sọ lójú gbogbo ayé. Ìyá wọ aṣọ funfun, ó dúró tì í. Bó bá gbàgbé ibì kan, ìyá á rán an létí, bí ẹni pé òun náà wà ní Bọ́mà. Nígbà tí Bàbá Sọ́jà parí, ó kí àwọn orúkọ náà ní kíkí sọ́jà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi náà gbé ọwọ́ sí iwájú orí, àwọn mìíràn fi ọwọ́ òsì ṣe é. N kò tún un ṣe fún wọn.

Wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì sí i, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì. Gbogbo ohun tí mo kọ sára pátákó láyé mi ni dọ́sítà ti pa rẹ́. Èyí tí mo kọ sára símẹ́ńtì yẹn kò gún, lẹ́tà kan ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú mi rí àgbẹ̀ tó ń kọjá lọ sóko, tó dúró, tó ṣí fìlà níwájú rẹ̀, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.